Kíka fáìlì nínú assembly láìlo C: ìparí fáìlì mi ń jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Àkúrẹ́ ni mo wà. Wọ́n ní kí á kọ ètò kan tí yóò ṣí fáìlì, tí yóò kà á, tí yóò sì tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Assembly nìkan ni (èdè tí a fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà), wọn ò fẹ́ rí C níbẹ̀ rárá. Linux 64-bit ni mo ń lò, NASM, ètò tó ń yí assembly padà sí èdè ẹ̀rọ, ni mo sì fi ń kọ ọ́. Fáìlì tí mo fi ń dán an wò ń jẹ́ koko.txt: orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn ní Ìdànrè ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kílò tí oníkálukú kó wá. Báìtì 5000 ni gbogbo rẹ̀.

```
section .data
oruko   db "koko.txt"

section .bss
apo     resb 4096

section .text
global _start
_start:
    mov rax, 2      ; open
    mov rdi, oruko
    mov rsi, 0
    syscall
    mov r12, rax
ka:
    mov rax, 0      ; read
    mov rdi, r12
    mov rsi, apo
    mov rdx, 4096
    syscall
    cmp rax, 0
    je pari
    mov rax, 1      ; write
    mov rdi, 1
    mov rsi, apo
    mov rdx, 4096
    syscall
    jmp ka
pari:
    mov rax, 60     ; exit
    mov rdi, 0
    syscall
```

Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nǹkan méjì ń ṣe é. Tó bá dé ìparí, àwọn orúkọ tó ti jáde tẹ́lẹ̀ á tún jáde. Ìkejì, bí mo bá fi orúkọ fáìlì tí kò sí síbẹ̀, kò ní sọ pé òun ò rí i. Á kàn dákẹ́, fáànù làptọ́ọ̀pù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àfi kí n tẹ Ctrl+C. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Alágbàká

Àbúrò, wo ibi tí o ti ń pe write. Ta ló gbé 4096 sínú rdx (ọ̀kan nínú àwọn register, àyè kékeré tí ẹ̀rọ ń fi iye sí) níbẹ̀? O ò tíì bi read pé báìtì mélòó ló kó dé.

Bí read bá parí iṣẹ́, rax ló ń fi èsì sí, èsì náà sì ni iye báìtì tó wọ inú apo gan-an. Fáìlì rẹ jẹ́ 5000. Lẹ́ẹ̀kíní, read kó 4096. Lẹ́ẹ̀kejì, 904 péré ló kù. Ìwọ wá ní kí write tẹ 4096 jáde. 904 tó ṣáájú jẹ́ tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n 3192 tó tẹ̀lé e jẹ́ ti àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni ò nù kúrò nínú apo. Àwọn orúkọ tí o ń rí lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Bi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ léèrè: iye tí òṣùwọ̀n bá pè ló ń sanwó lé lórí, kì í wo bí àpò ṣe tóbi tó. 4096 ni àpò. Òṣùwọ̀n ni rax.

Nítorí náà, `mov rdx, rax` ni kí o kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn read, kí o tó fi 1 sínú rax fún write. Bí o bá fi 1 ṣáájú, èsì read ti lọ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀

Òótọ́ ni Alágbàká sọ, àmọ́ ìṣòro kejì yẹn ni mo kà sí jù, torí òun ni yóò bá ọ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà tí fáìlì kò sí, open kò dákẹ́ o. Ó dá ọ lóhùn: ó fi -2 sínú rax. O wá gbé -2 náà lọ sí r12, o fún read, read ní òun ò mọ fáìlì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dá -9 padà. O wá ń wò bóyá rax jẹ́ òdo. -9 kì í ṣe òdo. Nítorí náà o tẹ̀síwájú, o tẹ báìtì 4096 tó jẹ́ òdo ní gbogbo ara jáde, o sì padà sí `ka`, láìdúró. Báìtì òdo kì í hàn lójú tẹ́mínà, ìdí nìyẹn tó fi jọ pé ètò náà dákẹ́. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Fáànù kì í purọ́.

Ohun tí ó yẹ kí o mọ̀ ni pé kò sí errno (àyè tí a ń fi nọ́ńbà àṣìṣe sí) nígbà tí a bá ń bá kernel, ọkàn Linux tó ń ṣe iṣẹ́ open, read àti write, sọ̀rọ̀ tààrà. Ti C ni errno. Kernel Linux máa ń fi àṣìṣe sínú rax fúnra rẹ̀, láti -1 dé -4095. Èyí tí wàá máa bá pàdé jù ni -2, fáìlì kò sí. -13, o ò ní àṣẹ láti ṣí i. -9, nọ́ńbà fáìlì tí o mú wá kì í ṣe ti fáìlì tó ṣí. -14, àdírẹ́sì tí o júwe kò sí ní ìkáwọ́ rẹ. -21 ní ẹ̀tàn díẹ̀ nínú. Bí o bá fún open ní orúkọ fódà, tí o ní kíkà nìkan lo fẹ́ kà á, yóò ṣí i fún ọ láìjiyàn, yóò sì fún ọ ní nọ́ńbà tó dára. Ìgbà tí o bá pe read ni -21 á tó jáde. Ẹni tó bá ń yẹ open nìkan wò, ibẹ̀ ni yóò ti kó sí i.

Èmi á kọ ọ́ báyìí, láti orí `_start`:

```
_start:
    mov eax, 2
    mov rdi, oruko
    xor esi, esi    ; 0: kíkà nìkan
    syscall
    test rax, rax
    js  asise       ; òdì ni, àṣìṣe ni
    mov r12, rax    ; nọ́ńbà fáìlì
ka:
    xor eax, eax    ; read
    mov rdi, r12
    mov rsi, apo
    mov edx, 4096
    syscall
    test rax, rax
    jz  ti          ; òdo: fáìlì ti tán
    js  asise
    mov r13, rax    ; iye tó kù láti tẹ̀
    mov r14, apo    ; ibi tí a dé
ko:
    mov eax, 1      ; write
    mov edi, 1
    mov rsi, r14
    mov rdx, r13
    syscall
    test rax, rax
    js  asise
    add r14, rax
    sub r13, rax
    jnz ko
    jmp ka
ti:
    mov eax, 3      ; close
    mov rdi, r12
    syscall
    xor edi, edi
    jmp jade
asise:
    neg rax
    mov rdi, rax
jade:
    mov eax, 60
    syscall
```

Wo `ko` dáadáa. Write náà lè má tẹ gbogbo ohun tí o fún un, pàápàá bí o bá so ètò rẹ mọ́ òmíràn pẹ̀lú `|`. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ iye tó tẹ̀ kúrò nínú r13 títí yóò fi di òdo.

Ní `asise`, mo yí òdì padà sí iye gidi, mo sì fi ṣe nọ́ńbà ìjáde. Bí ètò bá ti parí, tẹ `echo $?`. Bí o bá rí 2, fáìlì kò sí. Bí o bá rí 13, àṣẹ ni kò sí. O ò tíì kọ ìlà kan láti tẹ ọ̀rọ̀ àṣìṣe jáde, o sì ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé

Ẹ ṣeun gan-an ma. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Alágbàká. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ fi lo r12, r13 àti r14? Mo rí ibì kan tí wọ́n ti ń ka iye pẹ̀lú rcx.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀

Torí pé ìlànà `syscall` fúnra rẹ̀ ń ba rcx àti r11 jẹ́. Ó ń fi àdírẹ́sì ibi tí yóò padà sí sínú rcx, ó sì ń fi rflags sínú r11. Bí o bá fi iye pamọ́ sínú rcx, tí o sì pe kernel, àdírẹ́sì ni wàá bá níbẹ̀. Yàtọ̀ sí méjèèjì yẹn àti rax, kernel kì í fọwọ́ kan èyí tó kù. Mo kàn fẹ́ràn r12 sókè nítorí pé C náà ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí o bá da ètò yìí pọ̀ mọ́ C lọ́jọ́ kan, wọn ò ní sọnù lọ́wọ́ rẹ.

Ọkọ̀ Ìlú Òǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọ̀rọ̀ kan lórí `oruko db "koko.txt"`, ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà á.

Kò sí òdo ní ìparí orúkọ yẹn. Kernel kò mọ gígùn orúkọ, ó kàn ń kà á lọ títí tí yóò fi bá báìtì òdo pàdé. Ẹ ó ní ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà? Oríire ni. "koko.txt" jẹ́ báìtì mẹ́jọ, ld (ètò tó ń so kóòdù pọ̀ di ètò kan) sì sábà máa ń to .bss tẹ̀lé .data, nítorí náà apo ni ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn orúkọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òdo ni apo kí read tó kó nǹkan sí i. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣí koko.txt lẹ́ẹ̀kejì nínú ètò kan náà lẹ́yìn tí ẹ ti kà á: kernel á rí koko.txt tí orúkọ àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, á sì ní orúkọ náà gùn jù.

`oruko db "koko.txt", 0`. Òdo kan yẹn ti gba ọ̀pọ̀ oorun lójú àwọn ènìyàn.

Kọ́lá8086

Kí ló dé tí ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu báyìí? Ní tiwa, emu8086 ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹ fi 3Dh sínú AH, ẹ pe int 21h, ó parí.

Bọ̀dá Alágbàká

Kọ́lá, DOS, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, nìyẹn. Kò sí int 21h lórí Linux, ètò náà á kàn kú ni. Àmọ́ ó dára pé o mú un wá, torí ìlànà kan náà ni lábẹ́ aṣọ. 3Dh ṣí fáìlì, 3Fh kà á, 3Eh tì í. BX gbé nọ́ńbà fáìlì, CX gbé iye báìtì tí o fẹ́, DS:DX júwe apo, AX sì sọ iye tó wọlé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé DOS kì í fi òdì sọ àṣìṣe, carry (àmì kan nínú ẹ̀rọ) ló máa ń gbé sókè, nítorí náà `jc` ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ fáìlì náà gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú òdo. Àwọn tó bá ti mọ́ lára láti fi `$` parí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ 09h ni wọ́n máa ń fi `$` parí orúkọ fáìlì pẹ̀lú, tí DOS á sì ní òun ò rí i.

Ọkọ̀ Ìlú Òǹdó

Èyí tó wá burú jù ni kí a da ti 32-bit pọ̀ mọ́ ti 64-bit. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ayé àtijọ́: `int 0x80`, nọ́ńbà nínú eax, ìyókù nínú ebx, ecx, edx. Nínú tibẹ̀, read jẹ́ 3, write jẹ́ 4, open jẹ́ 5, close jẹ́ 6, exit jẹ́ 1. Nínú 64-bit, 0, 1, 2, 3 àti 60 ni, ìyókù wà nínú rdi, rsi, rdx.

Ẹni tó bá da nọ́ńbà ti ayé àtijọ́ kọ, tó sì wá pe `syscall`, ohun ẹlẹ́rìn-ín ló ń ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ kà, ó fi 3, kernel ti fáìlì náà. Ó fẹ́ ṣí i, ó fi 5, fstat (èyí tó ń sọ ìròyìn nípa fáìlì) ló pè. Ó fẹ́ jáde, ó fi 1, write ló pè, lẹ́yìn náà ètò á tẹ̀síwájú wọ inú ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀, á sì ṣubú. Bí ẹ bá rí ètò tó ń ṣubú ní ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn.

`int 0x80` fúnra rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ètò 64-bit lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìyẹn ló tún jẹ́ kó léwu. Ìlàjì àdírẹ́sì ló ń gbà. Bí apo bá wà ní .bss, ó lè bọ́ sí i fún ọ. Lọ́jọ́ tí o bá gbé apo lọ sórí stack (àyè ìgbà díẹ̀ tí ètò ń lò), -14.

Ayọ̀ South Gate

Ẹ̀yin àgbà, èmi ò ní làptọ́ọ̀pù, fóònù nìkan ni mo ní, Termux, áàpù tó ń fún fóònù ní tẹ́mínà Linux, ló wà lórí rẹ̀. Ṣé mo lè bá yín ṣe é, àbí kí n máa lọ?

Bọ̀dá Alágbàká

Má lọ síbì kankan. Tẹ `uname -m` ká mọ ohun tó wà nínú fóònù rẹ.

Ayọ̀ South Gate

Ó kọ aarch64.

Bọ̀dá Alágbàká

Ó dára. ARM 64-bit nìyẹn, nítorí náà kóòdù Ìyá Ìbejì kò ní wọlé síbẹ̀ rárá. Register yàtọ̀, nọ́ńbà yàtọ̀. `pkg install clang binutils`, kí o sì kọ ọ́ báyìí:

```
.data
oruko: .asciz "koko.txt"
.bss
apo:   .skip 4096

.text
.global _start
_start:
    mov x0, #-100       // fódà tí mo wà yìí
    ldr x1, =oruko
    mov x2, #0
    mov x8, #56         // openat
    svc #0
    cmp x0, #0
    b.lt asise
    mov x19, x0
ka:
    mov x0, x19
    ldr x1, =apo
    mov x2, #4096
    mov x8, #63         // read
    svc #0
    cmp x0, #0
    b.eq ti
    b.lt asise
    mov x2, x0          // iye tó wọlé gan-an
    mov x0, #1
    ldr x1, =apo
    mov x8, #64         // write
    svc #0
    cmp x0, #0
    b.lt asise
    b ka
ti:
    mov x0, #0
    b jade
asise:
    neg x0, x0
jade:
    mov x8, #93         // exit
    svc #0
```

Lẹ́yìn náà `as ka.s -o ka.o`, `ld ka.o -o ka`, `./ka`.

x8 ló ń gbé nọ́ńbà ìpè, x0 ló ń gba èsì. O rí i pé openat ni mo lò, mi ò lo open. Kò sí open lórí aarch64 mọ́. Àwọn tó ṣe é yọ àwọn ìpè àtijọ́ kúrò, wọ́n fi èyí tó ń gba fódà rọ́pò wọn. -100 túmọ̀ sí "láti ibi tí mo wà". Lórí x86-64, open àti openat wà papọ̀, openat sì jẹ́ 257. `.asciz` ń fi òdo sí ìdí orúkọ fúnra rẹ̀, nítorí náà wàhálà tí Ọkọ̀ Ìlú sọ ò kan ìwọ. Mi ò ṣe òbìrípo write tí Ìyá Ìbejì ṣe, kó má baà gùn jù; ìwọ fi kún un.

Má ṣe fi iṣẹ́ rẹ sínú /sdcard o. Android kì í jẹ́ kí ètò ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀. Inú fódà ilé Termux ni kí o ti máa kọ ọ́.

Ayọ̀ South Gate

Ó ti ṣiṣẹ́! Ẹ ṣeun sà. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fi han gbogbo ilé, àmọ́ kò sẹ́ni tó yé.

Adé tó ń lo C

Ẹ máà bínú o, ṣùgbọ́n mo ń ka gbogbo èyí, mo sì ń rò ó pé `fopen` àti `fread` á parí iṣẹ́ náà nínú ìlà márùn-ún.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀

Á parí rẹ̀, Adé. Lójoojúmọ́, èmi náà kì í kọ assembly láti ka fáìlì, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Àmọ́ fread fúnra rẹ̀, read yìí kan náà ló ń pè nísàlẹ̀. Ọjọ́ tí fread bá fún ọ ní 904 nígbà tí o bèèrè 4096, o ti mọ ibi tí ó ti wá.

Táyé tó fẹ́ràn strace

Ẹ ò tíì sọ strace fún ọmọ yìí látàárọ̀! `strace ./ka` á fi gbogbo ìpè hàn án, ìpè kan lórí ìlà kan, pẹ̀lú èsì rẹ̀. Nínú kóòdù àkọ́kọ́ tó fi síbí, ohun tó ṣe kókó tí yóò rí nìyí:

```
open("koko.txt", O_RDONLY)   = 3
read(3, "..."..., 4096)      = 4096
write(1, "..."..., 4096)     = 4096
read(3, "..."..., 4096)      = 904
write(1, "..."..., 4096)     = 4096
read(3, "", 4096)            = 0
exit(0)                      = ?
```

904 lókè, 4096 lábẹ́ rẹ̀. Ojú ló fi máa rí i, kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí tí open fi fún un ní 3 ni pé 0, 1 àti 2 ti wà níbẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀: bọ́tìnì tí a ń tẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà, àti ibi tí à ń sọ àṣìṣe sí. Lórí Termux náà, `pkg install strace`.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé

Mo ti rí i, ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè kékeré kan ló kù. Mo fẹ́ kí ètò náà ka iye lẹ́tà tó wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí n lè to wọn gún régé. Ó ń sọ fún mi pé "Àkúrẹ́" ní lẹ́tà mọ́kànlá. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ti yarí ni?

Ọkọ̀ Ìlú Òǹdó

Kò yarí. Read kò mọ lẹ́tà, báìtì nìkan ló mọ̀. Nínú UTF-8 (ọ̀nà tí a fi ń sọ lẹ́tà di báìtì), `k` àti `r` jẹ́ báìtì kọ̀ọ̀kan. `À` jẹ́ méjì, `ú` jẹ́ méjì. `ẹ́` ló jẹ kókó: `ẹ` nìkan jẹ́ mẹ́ta, E1 BA B9, àmì ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ méjì lọ́tọ̀, CC 81. Márùn-ún fún lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí o bá ro wọ́n pọ̀, mọ́kànlá ni. Ẹni tó bá ń kọ orúkọ Yorùbá láìsí àmì kò ní mọ̀ pé ìṣòro yìí wà. Èmi á ní kí o má yọ àmì kúrò, kọ́ ètò rẹ ní bí yóò ṣe kà á.

Ọ̀nà tó rọrùn: báìtì tó jẹ́ ìtẹ̀síwájú lẹ́tà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 nínú bit rẹ̀. Má kà wọ́n:

```
    mov al, [rsi]
    and al, 0xC0
    cmp al, 0x80
    je  fo          ; ìtẹ̀síwájú ni, fò ó
    inc rbx
fo: inc rsi
```

Èyí á fún ọ ní mẹ́fà fún "Àkúrẹ́", torí àmì orí `ẹ` ṣì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Fún ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè, CC 80 àti CC 81 ni wọ́n; bí o bá rí wọn, fò wọ́n pẹ̀lú, á wá di márùn-ún. Ohun kan tún wà: báìtì 4096 lè parí sáàárín `ẹ`, kí E1 wà ní ìparí apo kan, kí BA B9 wà ní ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Fún títẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, kò ṣe nǹkan kan, torí write tó tẹ̀lé e á so wọ́n pọ̀ lójú tẹ́mínà. Fún kíka lẹ́tà tàbí gígé ìlà, ó ṣe pàtàkì.

Bọ̀dá Alágbàká

Ìlà náà ń gé bẹ́ẹ̀. Orúkọ àgbẹ̀ lè bọ́ sí apo kan, kí kílò rẹ̀ bọ́ sí èkejì. Ohun tí mo máa ń ṣe: wá 0Ah (báìtì tó ń parí ìlà) tó kẹ́yìn nínú apo, lo gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀, kó ìyókù lọ sí iwájú apo pẹ̀lú `rep movsb`, kí o sì ní kí read tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan lẹ́yìn ìyókù náà. Rántí dín rdx kù pẹ̀lú iye ìyókù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ read á kọjá òpin apo. Bí fáìlì náà bá ti ọwọ́ Windows wá, 0Dh á wà ṣáájú 0Ah kọ̀ọ̀kan, EF BB BF sì lè wà ní orí fáìlì.

Táyé tó fẹ́ràn strace

Àbí kó kàn lo mmap, kí gbogbo fáìlì wà lójú kan? Fstat á sọ ìtóbi rẹ̀, ó wà ní báìtì kejìdínláàádọ́ta nínú ohun tó dá padà tí a bá kà á láti òdo. Lẹ́yìn náà 9 sínú rax, kò sí òbìrípo mọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀

Ó ṣeé ṣe, Táyé, ṣùgbọ́n kí ó fi iye kẹrin tí mmap ń gbà sínú r10, kì í ṣe rcx, ìdí tí mo ti sọ lókè náà ni. Fáìlì tó ṣófo, tí ìtóbi rẹ̀ jẹ́ òdo, -22 ni mmap á fi dá a lóhùn, bí ó bá sì jẹ́ `|` ni nǹkan ti ń bọ̀, mmap ò gbà á rárá. Read gba ohun gbogbo. Fún iṣẹ́ tí wọ́n fún un, kí ó dúró ti read.

Bí ó bá sì fẹ́ kí ó yára, kí ó mú apo tóbi. Fáìlì báìtì 1,000,000 tí a bá ń kà ní báìtì kọ̀ọ̀kan, a ó pe kernel ju mílíọ̀nù ìgbà kan lọ. Pẹ̀lú apo 65536, ìpè 17 ni, pẹ̀lú èyí tó kẹ́yìn tó dá òdo padà.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé

Ẹ ṣeun ma. Ìgbà tó kẹ́yìn nìyí: ṣé mo lè fún un ní orúkọ fáìlì láti ìta, bíi `./ka koko.txt`, dípò kí ó wà nínú kóòdù?

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí `_start` bá bẹ̀rẹ̀, iye ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ wà ní [rsp], àdírẹ́sì orúkọ ètò fúnra rẹ̀ wà ní [rsp+8], àdírẹ́sì koko.txt á sì wà ní [rsp+16], orúkọ náà sì ti ní òdo ní ìdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó pè é kò bá fún un ní fáìlì, lo nọ́ńbà 0, kí ó ka ohun tó bá ti bọ́tìnì tàbí `|` wá:

```
_start:
    xor r12d, r12d
    cmp qword [rsp], 2
    jb  ka          ; kò sí orúkọ, ka láti 0
    mov rdi, [rsp+16]
    mov eax, 2
    xor esi, esi
    syscall
    test rax, rax
    js  asise
    mov r12, rax
```

Rí i pé o ka [rsp] kí o tó push ohunkóhun.